Bí Ọmọbìnrin Arab Ṣe Lè Wọ Iṣẹ́ Ìwádìí Ìràwọ̀

Ọmọbìnrin Arab tó bá fẹ́ fi ìwádìí ìràwọ̀ jẹun, kó má dúró de tẹlisíkóòpù o, kó kọ́kọ́ lọ ka físíìsì tàbí máàsì ní yunifásítì tó wà nítòsí ẹ̀, kó sì kà á dáadáa. Ọ̀nà táwọn tó ṣíwájú gbà nìyẹn. Shadia Habbal, ọmọ Homs ní Syria, Damascus ló ti ka físíìsì, ó ṣe máásítà ní Beirut, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó lọ gba PhD ní Cincinnati l'Amẹ́ríkà, òun ló wá ń kó àwọn èèyàn kiri ayé báyìí lọ síbi tí òṣùpá bá ti fẹ́ bo oòrùn pátápátá, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni ìmọ́lẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí oòrùn ká máa ń hàn síta. Merieme Chadid náà, ọmọ Casablanca, ilé ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó kọjá sí Toulouse ní Faransé, ó ṣiṣẹ́ ní Chile, ó dé Antarctica pàápàá.

Èyí tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù ni kọ̀ǹpútà. Kó kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, láti ọdún àkọ́kọ́, kó má retí pé ẹnì kan máa kọ́ ọ. Dátà wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́! Gaia, tẹlisíkóòpù táwọn ará Yúróòpù gbé sójú ọ̀run, ti ka ìràwọ̀ tó fẹ́ẹ̀ tó bílíọ̀nù méjì, ẹnikẹ́ni ló sì lè wa dátà ẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Kó mú ìràwọ̀ kan ṣoṣo nínú irú tí wọ́n ń pè ní RR Lyrae, àwọn tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń lọ sókè sódò láàárín wákàtí mélòó kan (Chadid fúnra ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ gan-an lórí irú yìí), kó ya gíráàfù ẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ṣe ló máa rí jákujàku, torí nígbà tí Gaia ṣì ń ṣiṣẹ́ (ó dáwọ́ dúró ní 2025), kì í tẹjú mọ́ ìràwọ̀ kan títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣe ló máa ń wò ó fìrí, á tún padà wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́, àfi kó wá iye wákàtí tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ yẹn fi ń lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀kan kó wá to gbogbo àmì náà léra lórí ìyípo kan ṣoṣo. Tí iye tó rí ò bá bá ti Gaia mu, kó wádìí ìdí ẹ̀, iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Gíráàfù yẹn ni kó fi ránṣẹ́ sí súpáfáísọ̀ tó bá fẹ́, ìyẹn olùkọ́ tó máa bójú tó PhD ẹ̀, pẹ̀lú ímeèlì kúkúrú, lẹ́yìn tó bá ti ka ìwé ìwádìí onítọ̀hún lórí arXiv, ìkànnì tí wọ́n ń kó ìwé ìwádìí sí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ òbí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ni ọkàn wọn kì í balẹ̀ tí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ wọn obìnrin á máa ṣiṣẹ́ òru lórí òkè, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Kó yáa sọ fún wọn nípa TRAPPIST-North tó wà l'Oukaïmeden ní Morocco láti 2016, tẹlisíkóòpù tí wọ́n ń darí láti ọ̀nà jíjìn ni, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n fi rí pílánẹ́ẹ̀tì méje tó ń yí ìràwọ̀ TRAPPIST-1 po. Tó bá sì ní àfẹ́sọ́nà, kí wọ́n jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó pé lẹ́yìn PhD, ó lè jẹ́ ọdún méjì mẹ́ta ní ìlú kan, kí wọ́n tún kó lọ síbòmíì.

Ti owó, kó béèrè ẹni tó máa sanwó PhD kó tó gbà á, kó sì wo ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO fáwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó ní ti Maghreb (Morocco, Algeria àti agbègbè wọn), ó ní ti Levant (Syria, Lebanon àti agbègbè wọn). Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn PhD máa ń ti ilẹ̀kùn láàárín October sí January, torí náà kó ti bẹ àwọn mẹ́ta tó máa kọ lẹ́tà fún un láti August.