Owó Ìwé Amí Kan Tí Mo San Lẹ́ẹ̀mejì

Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń pàtẹ ìwé ní agbègbè Post Office, nílùú Ìlọrin, ni mo ti ra Our Man in Havana, èyí tí Graham Greene kọ tó sì jáde ní 1958. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, owó rẹ̀ kò sì kéré rárá.

Àwọn amí tí ìbọn kì í bà ti sú mi. Wormold inú ìwé yìí yàtọ̀ sí wọn, nítorí ọlọ́jà tó ń ta ẹ̀rọ tí ń fa eruku ilẹ̀ ni, ní Havana, ní Kúbà. Ọjà kò yá, Milly ọmọbìnrin rẹ̀ sì ń náwó bí ọmọ ọlọ́rọ̀. Torí owó ló ṣe gbà láti ṣe amí fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí kò rí àṣírí kankan fi ránṣẹ́, ó ṣa orúkọ àwọn ènìyàn jọ, ó ní ọmọ abẹ́ òun ni wọ́n, ó sì ń gba owó lé wọn lórí. Ó tún ya àwòrán ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó ń tà, ó ní ohun ìjà ńlá tí wọ́n ń kọ́ sórí òkè ni, àwọn ọ̀gá ní London sì gbà á gbọ́. Greene mọ ohun tó ń kọ, nítorí òun alára ṣiṣẹ́ amí ní Freetown, nílẹ̀ Sàró, nígbà ogun Hítílà.

Ibi tí ìtàn ti dùn dé yìí gan-an ni ìwé mi ti já. Mo ṣí ojú ìwé tó kàn, mo bá obìnrin kan tó ń jẹ́ Beatrice nínú ọ́fíìsì Wormold, láìmọ ibi tó ti wá. Orí bébà ńlá ni wọ́n ti máa ń tẹ ojú ìwé púpọ̀ pọ̀, wọn a ká a di ìdì olójú ìwé 16 tàbí 32, kí wọ́n tó to àwọn ìdì náà tẹ̀léra kí wọ́n sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹni tó to tèmi fo ìdì kan.

Mo gbé e padà. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìwé yìí kò pé.” Ó ní òun kọ́ lòun tẹ̀ ẹ́, pé ọjà tí òun bá ti tà kì í padà, pé kí n máa ka èyí tó kù. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn dùn mí ju owó náà lọ. Ṣé ẹni tí wọ́n ta agbádá aláìlápá fún yóò wọ èyí tó kù ni? Mo wá a dé Tankẹ àti Ọ̀fà, n kò rí òmíràn, àfi ìgbà tí ọlọ́jà kan ní Ìbàdàn fi ẹ̀dà àtijọ́ ránṣẹ́ láti gáréèjì, tí owó ọkọ̀ rẹ̀ sì ju owó ìwé lọ.

Ẹ̀dà náà ti pọ́n, ṣùgbọ́n ó pé, mo sì kà á tán pẹ̀lú ìdùnnú. London ló fi Beatrice ránṣẹ́ láti ṣe akọ̀wé Wormold, ìgbà tí wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí Milly ló sì dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di òótọ́: Raul, awakọ̀ òfuurufú tí Wormold hùmọ̀ lásán, ni a gbọ́ pé ẹnì kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kú. Ẹ̀rín tí mo ti ń rín bọ̀ dá mọ́ mi lẹ́nu níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ìwé níbi ìpàtẹ, ẹ tú u wò níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ tẹ̀lé nọ́ńbà ojú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pàápàá láàárín, kí ẹ tó yọ owó. Bí olówó ọjà bá ní ẹ ń fi àkókò òun ṣòfò, ẹ gbé e kalẹ̀ fún un.