Dísìkì Ẹ̀yìn Hilux: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tó ń fi Hilux kó ẹrù ló ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí jù, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fi bíréèkì dísìkì rọ́pò bíréèkì dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ọkọ̀. Dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ti sú wọn: ẹrẹ̀ ń wọ inú ẹ̀ nígbà òjò, ṣúù, ìyẹn bàtà bíréèkì inú ẹ̀, ń fẹ́ kí wọ́n máa tún un fà ní gbogbo ìgbà. Wọ́n wá ra kíìtì, ìyẹn dísìkì méjì, kálípà méjì tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì, irin tó ń de kálípà mọ́ ásùlù (irin tí táyà ẹ̀yìn méjèèjì wà lára ẹ̀), họ́ọ̀sì àti páàdì. Wọ́n dè é tán, ìyọnu míì dé. Apá kan nínú ìyọnu yẹn kì í ti ara dísìkì wá o. Ara ohun tí wọ́n ṣe fún dúrọ́ọ̀mù, tí a fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí dúrọ́ọ̀mù ti lọ, ló ti ń wá.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. A ti de kíìtì tán, kò sí ibi tó ń jò. Ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ bíréèkì, ńṣe ló ń rìn lọ ilẹ̀ bí ẹni tẹ fóòmù. A ti bílíìdì ẹ̀ títí, ìyẹn ká máa lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù, ọ́ìlì tuntun ti ń tán lọ. Ṣé kí n ra máásítà ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó. Ẹ fi owó máásítà, ìyẹn pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí táyà, sápò ná. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ wo ibi tí nípù, ìyẹn ẹnu kékeré tí wọ́n ń tú láti fi bílíìdì, wà lára kálípà. Òkè pátápátá ló yẹ kó wà. Afẹ́fẹ́ máa ń gun òkè nínú ọ́ìlì. Bí nípù bá wà nísàlẹ̀, ọ́ìlì nìkan ni yóò máa jáde, afẹ́fẹ́ á jókòó sókè, ẹ ò sì ní rí i lé bí ẹ bá bílíìdì ẹ̀ di ọ̀la. Kálípà ọ̀tún àti ti òsì jọra, ihò bóòtù wọn sì bára mu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dè wọ́n lódìlódì. Bí ó bá dorí kodò, ẹ pààrọ̀ wọn sí apá kejì. Bí ẹ ti ń ṣe é, ẹ ra wáṣà bàbà tuntun síbi tí họ́ọ̀sì ti wọlé, méjì fún kálípà kan, kí orí họ́ọ̀sì wà láàárín wọn. Èyí tí wọ́n ti fún mọ́lẹ̀ rí kì í sábà dì mọ́, kò sì wọ́n ní Ararọ̀mí, ọjà páàtì ọkọ̀ n'Ìbàdàn.

Bí nípù bá wà níbi tó yẹ, ó ku ètò. Táyà tó jìnnà jù sí máásítà lẹ ó kọ́kọ́ ṣe. Lára ọkọ̀ tiwa tí sítíárì wà lápá òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún ni, kí ẹ tó ṣe ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tẹ pẹ́dàlì jẹ́jẹ́, kó dì í mú. Kí ẹni tó wà nílẹ̀ tú nípù, kó sì tì í padà kí ti òkè tó gbé ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kọ́kọ́ gbéra, afẹ́fẹ́ tún ti wọlé nìyẹn. Àwọn ọkọ̀ kan tún ní nípù lára fáàfù ẹrù, èyí tó ń wọn agbára bíréèkì tó ń lọ sẹ́yìn, tó wà lókè ásùlù ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an.

Bí pẹ́dàlì bá ti le, àmọ́ tó ṣì ń lọ jìnnà kó tó mú, ìgbà yẹn la lè wá sọ̀rọ̀ máásítà. Písítìn kálípà tóbi ju ti sílíńdà kékeré inú dúrọ́ọ̀mù lọ, ọ́ìlì tó ń gbà pọ̀ jù. Máásítà tí ihò rẹ̀ kéré lè má lè gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bí ihò máásítà bá ṣe ń tóbi sí i ni pẹ́dàlì á ṣe máa wúwo fún ẹsẹ̀ tó.

Ìbéèrè: Láti Challenge dé Òjóò, táyà ẹ̀yìn á ti gbóná débi pé èèyàn ò lè fọwọ́ kan ríìmù, á sì máa rùn. Mẹkáníkì mi ní páàdì ló nípọn jù, ká fi fáìlì ha á díẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, kó má fi fáìlì kan páàdì yẹn. Nígbà tó bá tún gbóná bẹ́ẹ̀, ẹ wá ibi tó tẹ́jú, ẹ fi igi dí táyà iwájú, ẹ tú hánbíréèkì sílẹ̀, kí ẹ sì jáàkì ẹ̀yìn sókè. Ẹ fọwọ́ yí táyà. Bí kò bá yí, ẹ tú nípù kálípà náà díẹ̀, kí ẹ ṣọ́ ojú yín torí ọ́ìlì inú ẹ̀ lè gbóná. Bí ọ́ìlì bá tú yàà, tí táyà sì bẹ̀rẹ̀ sí yí, agbára ló há sínú páìpù. Bí ẹ bá tú nípù tí táyà ò mira, irin ló di irin mú: ó lè jẹ́ kébù hánbíréèkì tí wọ́n fà jù, ó sì lè jẹ́ pín tí kálípà fi ń rìn ló gbẹ, kò rí gírísì.

Ti agbára tó há yẹn ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lábẹ́ igi mẹkáníkì. Ọ̀pọ̀ máásítà àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún dúrọ́ọ̀mù ní fáàfù kékeré kan níbi tí páìpù ẹ̀yìn ti jáde. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó dá agbára díẹ̀ dúró sínú páìpù, nǹkan bíi 10 psi, kí etí rọ́bà inú sílíńdà lè máa dì dáadáa. Dúrọ́ọ̀mù ní sípírìńǹgì tó ń fa ṣúù padà, 10 psi ò lè borí ẹ̀. Dísìkì ò ní irú sípírìńǹgì bẹ́ẹ̀. Rọ́bà ìdí písítìn nìkan ló ń fà á sẹ́yìn, kò sì ju bíńtín lọ. Torí náà, 10 psi tó láti fi páàdì ha dísìkì láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ yọ fáàfù yẹn, tàbí kí ẹ lo máásítà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tó ní dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo páàkì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó, mo fa hánbíréèkì, ọkọ̀ tún ń yí lọ sẹ́yìn. Ọlọ́jà kan ló bá mi ju òkúta sí ìdí táyà.

Ìdáhùn: Àbúrò, kú orí ire. Kọ́kọ́ wò ó bóyá kálípà rẹ tiẹ̀ ní lẹ́fà tí kébù ń wọ̀. Àwọn kíìtì kan wà tí wọn ò ní hánbíréèkì rárá, èmi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni de irú ẹ̀ nínú ìlú olókè bí Ìbàdàn.

Tó bá ní lẹ́fà, bi ẹni tó dè é bóyá ńṣe ló fi kílám̀pù ti písítìn wọlé. Ní inú ọ̀pọ̀ irú kálípà yìí, sikúrúù ló wà nídìí písítìn. Ńṣe ni wọ́n ń yí i wọlé. Ẹni tó bá fi agbára tì í ti ba inú ẹ̀ jẹ́. Bí inú ẹ̀ bá ṣì dáa, yọ kébù, fọwọ́ fa lẹ́fà léraléra títí páàdì á fi sún mọ́ dísìkì. Ìgbà yẹn ni kí o tó fi kébù kọ́ ọ. Bí o bá dá hánbíréèkì sílẹ̀, lẹ́fà gbọ́dọ̀ padà débi tí ìrìn ẹ̀ parí sí. Àwọn tó ń sáré fún kébù kí wọ́n tó ṣe inú kálípà, lẹ́fà wọn kì í padà tán, sikúrúù ò sì ní lè máa tún ara ẹ̀ ṣe bí páàdì ti ń jẹ. Má sì retí pé kó mú tó ti dúrọ́ọ̀mù. Ní ti ká dá ọkọ̀ dúró sójú kan, dúrọ́ọ̀mù ṣì lọ̀gá.

Ìbéèrè: Mo fi ewé sípírìńǹgì kún ẹ̀yìn torí sìmẹ́ńtì. Dísìkì ẹ̀yìn wá dà bíi pé kò ṣiṣẹ́ kankan, iwájú nìkan ló ń mú.

Ìdáhùn: Fáàfù ẹrù tí mo dárúkọ lókè ni. Apá kan so ó mọ́ ásùlù. Bí ẹrù bá tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, apá yẹn á sún, fáàfù á sì jẹ́ kí agbára lọ sẹ́yìn dáadáa. Ẹ̀yin ti gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, fáàfù ń rò pé òfìfo lẹ gbé, ó bá ń fún ẹ̀yìn lágbára kékeré. Ẹ gbé irin tí apá náà dúró lé sókè níwọ̀n tí ẹ fi gbé ọkọ̀. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ yọ fáàfù dànù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé òfìfo nínú òjò, ẹ̀yìn á há kí iwájú tó mú, ọkọ̀ á sì yí kọjú síbi tó ti ń bọ̀.

Ìbéèrè: Ríìmù 15 mi ń ha kálípà. Ṣé kí n jẹ́ kí wẹ́dà gé díẹ̀ lára ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá. Ríìmù lẹ ó pààrọ̀, tàbí kíìtì.

Ìbéèrè: Ọ́ìlì gíá ń jáde sára dísìkì apá kan. A ti fi pẹtiróòlù fọ páàdì.

Ìdáhùn: Àtìgbà tí wọ́n ti yọ ásùlù láti de kíìtì ni, síìlì, ìyẹn rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì gíá dúró, ti gé. Ẹ fi síìlì tuntun sí i, kí ẹ fọ dísìkì mọ́. Páàdì tó ti mu ọ́ìlì, ẹ sọ ọ́ nù, ti apá kejì náà sì, kí méjèèjì lè mú bákan náà. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sun ún.

Ìbéèrè: Ọ́ìlì bíréèkì wo ni kí n lò, ìgbà wo ni mo sì lè gbé ẹrù?

Ìdáhùn: DOT 3 tàbí DOT 4, bí ọmọrí máásítà bá ṣe kọ ọ́. DOT 4 tuntun kì í hó kó tó dé 230°C, DOT 3 jẹ́ 205°C. Ṣùgbọ́n tí omi bá ti wọ̀ ọ́, wọ́n á já sí 155 àti 140. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ ra èyí tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ti gíá kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, rọ́bà gbogbo ni yóò wú.

Kí ẹ tó gbé ẹrù, ẹ wá ọ̀nà tó dá. Ẹ sá dé nǹkan bíi 50 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ fi bíréèkì mú un wá sí nǹkan bíi 10 láìdúró pátápátá, kí ẹ tún sá. Bí ẹ bá ti ṣe é bíi ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ máa wa ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́ kó tutù, ẹ má fa hánbíréèkì lé e nígbà tó ṣì gbóná. Tí ẹ bá délé, ẹ tún fi sípánà kan gbogbo bóòtù kálípà.