Ẹ má kun mahógánì yín di dúdú: bí mo ṣe tún tábìlì màmá àgbà ṣe

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an ni. Mahógánì tàwọn bàbá wa ń pè ní ọ̀gànwó, igi tó ti lẹ́wà tẹ́lẹ̀, làwọn èèyàn á wá da sítéènì dúdú, ìyẹn aró tí wọ́n fi ń pa igi láwọ̀, lé títí tẹ́ ò fi ní mọ̀ bóyá igi ni àbí páálí. Tábìlì màmá àgbà wa ni mo tún ṣe, àpá ife tíì ti yí ojú ẹ̀ ká, wọ́n tiẹ̀ ti ní ká fi dáná.

Fáníìsì àtijọ́ lẹ máa kọ́kọ́ ṣí kúrò, iṣẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀ o. Ẹ kán tínà, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń la ọ̀dà, díẹ̀ sábẹ́ tábìlì níbi tí ojú ò tó, tó bá yọ́ tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, tínà náà lẹ máa fi nù ún kúrò, tí kò bá yọ́, ẹ ra rímúfà, ìyẹn kẹ́míkà tó ń bó fáníìsì, tàbí kẹ́ ẹ fi irin pẹlẹbẹ tó mú fá a, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí iná má sí nítòsí rárá. Lẹ́yìn náà, sáńpépà nọ́ńbà 120, kó tó kan 180, ẹ máa tẹ̀ lé iṣan igi, ẹ má gbà á ní ìbú láéláé torí àpá yẹn á jáde síta tí sítéènì bá ti kàn án. Ẹ má dán an kọjá 220, igi tó bá ti dán jù kì í mu sítéènì dáadáa.

Ẹ wá fi àkísà tútù nu ojú ẹ̀, kẹ́ ẹ dúró wò ó. Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, bó ṣe máa rí lábẹ́ fáníìsì nìyẹn. Èmi wo tèmi, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo tí oòrùn ti pa ló nílò sítéènì. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ dán an wò lábẹ́ tábìlì ná, ẹ fi àkísà pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò, ó di ọjọ́ kejì. Àkísà tó ti mu sítéènì olóróró, èyí tí wọ́n fi òróró pò, ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, ẹ má ká a jọ, ó lè gbiná fúnra ẹ̀.

Sílà, ìyẹn ohun tí wọ́n ń kùn láti dí ihò ara igi kí fáníìsì tó kàn án, ló kàn. Ihò wínníwínní pọ̀ lára mahógánì, tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ fojú sọ́ ọ lọ́dọ̀ fèrèsé ẹ máa rí wọn bí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ fi tínà là á díẹ̀, ẹ kùn ún, tó bá gbẹ kẹ́ ẹ fi sáńpépà 320 rọra ra á, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí ojú ẹ̀ á fi tẹ́jú. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè bóyá sílà yẹn bá fáníìsì yín mu o, torí nǹkan oní-tínà tẹ́ ẹ bá kùn sórí fáníìsì olóróró tí ò tíì gbẹ délẹ̀ á hunjọ bí ojú ẹ̀kọ tó tutù.

Fáníìsì, ẹ rò ó, ẹ má mì í, mímì ló ń fa ìfófòó. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, 320 láàárín wọn, kẹ́ ẹ nu eruku kúrò. Fáníìsì oní-tínà ni mo lò, òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí mo kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ojú ẹ̀ funfun bí kùrukùru, inú mi bàjẹ́, àfìgbà tí oòrùn ràn tí mo fọ́n tínà fẹ́ẹ́rẹ́ sí i ló tó mọ́. Torí náà ẹ dúró de ọjọ́ tó gbẹ.

Tó bá jẹ́ olóróró lẹ lò, ẹ fún un tó oṣù kan kẹ́ ẹ tó gbé ìkòkò gbígbóná lé e.