Sípíkà "active" tí wọ́n tà fún mi àti ohun tójú mi rí lẹ́yìn ẹ̀

Inú ń bí mi tí mo fi ń kọ eléyìí o, kí n tètè sọ. Owó tí mo ná lórí sípíkà lọ́dún yìí, ká ní wọ́n sòótọ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Queen Cinema n'Ìbàdàn níbí ni, ìdajì ẹ̀ ni ǹ bá ná.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gba ohùn sílẹ̀ kí n sì máa po wọ́n pọ̀, jingle rédíò, ewì, orin àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, nínú yàrá kékeré kan ní Mọ́kọ́lá. Mo sì ṣàlàyé fún bọ̀dá tó ń tajà dáadáa pé active ni mo ń wá, èyí tí wúfà (tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀) ní amp tiẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá, tí twíítà (tó ń gbé ohùn òkè) náà ní tiẹ̀. "Ọ̀gá mi, active gidi rèé, ẹ fọkàn balẹ̀." Ó tan orin sí i, àyà mi ń mì tìtì, mo sanwó.

Kò pẹ́ tí kọ́sítọ́mà bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ padà. Akéwì kan pè mí látinú mọ́tò ẹ̀, ó ní "Àbúrò, ìyá ìlù mi dà? Ohùn mi nìkan ni mò ń gbọ́." Bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi níbí ìlù yẹn ń mi wíńdò! Àṣé sípíkà yẹn ló ń fi ohùn ìsàlẹ̀ (bass) kún un fúnra ẹ̀, èmi á wá máa dín in kù, tó bá wá dé inú mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni, ìlù ò sí mọ́.

Mo bá tú ẹ̀yìn ẹ̀. Amp kan ṣoṣo, inú àpótí kan ló wà, wáyà pupa àti dúdú jáde lára ẹ̀, ó lọ tààrà sí wúfà, wọ́n wá fa ẹ̀ka láti ibẹ̀ lọ sí twíítà, kapásítọ̀ kékeré kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn twíítà, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní crossover, ohun tó yẹ kó pín ohùn sí ti wúfà àti ti twíítà. Kapásítọ̀ kan! Àpótí kejì tiẹ̀ ṣófo, wáyà ẹlẹ́nu méjì ló ń gbé ohùn wá fún un láti ara èkíní. Powered nìyẹn o, kì í ṣe active.

Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ò ju ibi tí wọ́n ti ń pín ohùn lọ. Powered á kọ́kọ́ sọ ohùn di ńlá, ẹ̀yìn ìgbà náà ló máa tó pín in. Active gidi, ìgbà tí ohùn ṣì kéré ló ti ń pín in, oníkálukú á wá gba inú amp tiẹ̀ kọjá. Yamaha HS5 tí mo padà rà, wúfà ínṣì 5 ẹ̀ ní wáàtì 45, twíítà ínṣì 1 ní wáàtì 25, 2kHz ni wọ́n ti pín in. Bí ìlù bá ń fún wúfà ní wàhálà, kò kan twíítà, ohùn èèyàn á ṣì mọ́ kedere.

Àmọ́ mi ò ní bú powered. Edifier R1280T tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, powered ni, wáàtì 42, àpótí kan ló gbé amp àwọn méjèèjì, púlọ́ọ̀gì kan, ó parí. Fún pálọ̀, mi ò ní ra active láé, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Powered tí wọ́n bá ṣe crossover ẹ̀ dáadáa á sì dùn ju active jákujàku lọ. Ẹni tó bá parọ́ fún mi nìkan ni mò ń bá jà.

HS5 yẹn, ọwọ́ ẹnì kan tó ń kó studio ẹ̀ kúrò ní Bódìjà ni mo ti rà á. Mo gbé e dé, mo tò ó, mo tan án. Hùùùùù. Bí oyin tí wọ́n há mọ́nú garawa.

Mo pa fáànù, mo pa fìríìjì, mo pààrọ̀ wáyà, kò lọ. NEPA mú iná, mo tan jẹnẹrétọ̀, ó tún wá burú sí i. Ẹni tó ta wáyà fún mi ní Ìwó Road ní sípíkà ló ti bàjẹ́, kí n gbé e wá kó bá mi tún un ṣe, mo ní ó ṣeun. Àfìgbà tí ṣájà láptọ́ọ̀pù já bọ́ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ní òru ọjọ́ kan, tí gbogbo ẹ̀ dákẹ́ wẹ́lo. Mo tún fi ṣájà padà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, hùùùùù.

Mo ránṣẹ́ sí bàbá rìwáyà. Wọ́n tú extension tí láptọ́ọ̀pù wà lára ẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ihò ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó ń kó iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀) wà lójú ẹ̀ o, wọn ò so wáyà kankan mọ́ ọn nínú. Iná díẹ̀ tó ń jò látinú ṣájà ò rọ́nà wọlẹ̀, ó bá gba inú wáyà ohùn lọ sára sípíkà, torí sípíkà ló wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri tó ní ẹ́ẹ̀tì. Mo ní "Bàbá, ṣé ká kúkú gé pín ẹ́ẹ̀tì sípíkà dànù?" Wọ́n ní "Kí iná lè gbé ẹ, àbí?" Wọ́n bá mi ṣe extension kan tó ní ẹ́ẹ̀tì gidi, gbogbo nǹkan wà lórí ẹ̀ báyìí. Mo tún ra audio interface, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn láàárín láptọ́ọ̀pù àti sípíkà, àti wáyà balanced. Wáyà yẹn máa ń gbé ohùn lọ́nà méjì tó yíjú síra wọn, ariwo tó bá kó sí méjèèjì á pa ara ẹ̀ rẹ́ tó bá débi sípíkà. Owó wáyà yẹn ò kéré o! Kò sẹ́ni tó máa ń ṣírò ẹ̀ mọ́ owó active.

Ó dákẹ́ rọ́rọ́ báyìí. Room Control tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn bọ́tìnì tó ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, -2 ni mo fi sí, torí ó sún mọ́ ògiri. Akéwì yẹn gbọ́ ìlù ẹ̀ nínú mọ́tò, ó fi owó ránṣẹ́ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Tẹ́ ẹ bá dé ọjà, ẹ wo àpótí kejì. Tó bá jẹ́ wáyà ẹlẹ́nu méjì péré ló wọ̀ ọ́, tí kò ní púlọ́ọ̀gì iná tiẹ̀, powered ni, kí wọ́n búra títí. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ka iye fóòtì tó wà lẹ́yìn ẹ̀, èyí tó bá jẹ́ 120V nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, iná tiwa tó jẹ́ 230V á jó o. Ẹ yọ owó step-down, ẹ̀rọ tó ń sọ 230V di 120V, kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san, tẹ́ni tó ń tà á bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.