Póun 11 ni sítáǹpù, owó ọ̀nà rẹ̀ ló fẹ́ pa mí

Póun 11 ni mo ra sítáǹpù kan ṣoṣo. Kó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo ti san póun 29 fún gbígbé e wá, mo tún san náírà 23,500 tí n ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é títí di òní.

Sítáǹpù Èkó ni, onípẹ́nì kan, pupa, orí Ọbabìnrin Victoria ló wà lára rẹ̀. Láti 1874 ni ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé De La Rue ti ń tẹ irú wọn ní Lọ́ńdọ̀nù fún Èkó, kí wọ́n tó da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà ní 1906. Kì í ṣe èyí tó wọ́n jù. Àmọ́ méjì tó so pọ̀ ni tiwa tẹ́lẹ̀. Bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ ló fà á ya nígbà èwe, kí kálukú lè mú ọ̀kan. Òǹtẹ̀ póòsì sì pín sí méjì: “LA” wà lára ti bàbá mi, “GOS” bá àbúrò rẹ̀ lọ sílùú òyìnbó. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ta gbogbo rẹ̀.

Mo rí ẹni tó rà á. Mo ní kó ya etí rẹ̀ ní fọ́tò fún mi: eyín karùn-ún láti òkè, nínú àwọn ṣóńṣó bébà tó yí i ká, gùn ju ìyókù lọ. Ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti kán! Mo jó yí yàrá ká.

Àṣé ọkùnrin náà kọ ọ́ sára fọ́ọ̀mù ìfiránṣẹ́ pé “ohun àtayébáyé”. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi wà ní ọ́fíìsì kan l'Ékòó. Mo lọ, ọ̀gá wà nípàdé. Mo padà lọ, wọ́n ní kí n mú ìwé wá pé kì í ṣe ère. Bébà tí ò tó àtàǹpàkò! Nígbà kẹta, kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Nígbà kẹrin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tú u, ó ń fi ẹnu báírò yí i. Mo pariwo.

“Dádì, ṣé ẹ ṣì lè fi í sára lẹ́tà ni?”

“Rárá o.”

“Kí la wá ń jà lé lórí?”

Mo sanwó, mo jáde.

Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti ní kó kọ “sítáǹpù tí wọ́n ti lò”, tàbí kí n dúró de ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi sẹ́lótéèpù so wọ́n pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọnú bébà, á sì bà á jẹ́. Orí páálí dúdú ni mo tẹ́ wọn sí, eyín wọnú eyín, láìlẹ̀ wọ́n mọ́ra. LAGOS pé.

Ṣùgbọ́n ara ògiri pálọ̀ ni bàbá mi gbé tirẹ̀ kọ́ sí, oòrùn ti mú un ṣá. Ti àbúrò rẹ̀ ṣì pọ́n bí ata. Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní ṣé ó dá mi lójú pé ọ̀kan náà ni wọ́n.