Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Gìtá Kan Tó Yẹ fún Ọ̀nà Títa Méjèèjì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ gìtá ní Èkó ló ń fi ẹyọ kan ṣe iṣẹ́ méjì tí kò jọra. Ní ọjọ́ Àìkú, wọn á fi píìkì (ike pẹlẹbẹ kékeré tí a ń fi ọwọ́ mú) gbá okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ láti gbe akọrin ìjọ lẹ́sẹ̀. Bó bá di alẹ́, wọn á fi ìka ta okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn onígìtá orin ẹlẹ́mu àti jùjú àtijọ́ ti ń fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ṣe é. Gìtá tó dára fún èkínní lè má dára fún èkejì, nítorí náà èyí tó wà láàárín ni kí ẹ wá.

Ìtóbi ara rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní dreadnought, tí ilé-iṣẹ́ Martin ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe ní 1916, fẹ̀ ní ìbàdí, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì rinlẹ̀; ó dára púpọ̀ fún gbígbá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi ìka ta á jẹ́jẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn a máa bo àwọn okùn tínínrín mọ́lẹ̀. Ní tèmi, irú OM (ìkékúrú Orchestra Model), tí Martin kan náà gbé jáde ní 1929, ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú, torí pé kò tóbi jù, kò sì kéré jù, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ọjà wọn kò wọ́n náà sì ń ṣe irú rẹ̀.

Ẹ wọn ọrùn rẹ̀ níbi eegun tí okùn gbà kọjá lókè. Mìlímítà 43 wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n 44.5 ló tu ìka lára jù, àyàfi bí ọwọ́ yín bá kéré.

Pákó iwájú ló ń gbé ohùn jáde, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí owó yín lọ. Ẹ wo etí ihò àárín dáadáa: bí ìlà ojú pákó bá sọ̀ kalẹ̀ tààrà wọ etí ihò náà, pákó gidi kan ṣoṣo ni, bí ẹ bá rí ìpele méjì mẹ́ta tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, pláíwúùdù ni. Igi kédárì a máa tètè dáhùn sí ọwọ́ jẹ́jẹ́, àmọ́ ohùn rẹ̀ a máa dàrú bí a bá gbá a kíkan. Igi spruce gba méjèèjì, òun ni mo sì fara mọ́. Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ lè jẹ́ pláíwúùdù, nítorí ọ̀rinrin Èkó kì í tètè da irú bẹ́ẹ̀ láàmú.

Ì báà jẹ́ Sùúrùlérè lẹ ti fẹ́ rà á tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ ní kí ọlọ́jà jẹ́ kí ẹ gbé e wọ yàrá inú, kúrò níbi ariwo jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbá kọ́ọ̀dù G kíkan, kí ẹ sì fetí sí i bóyá ohùn okùn kọ̀ọ̀kan ṣì dá yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé píìkì sílẹ̀, kí ẹ fi ìka ta kọ́ọ̀dù kan náà jẹ́jẹ́. Okùn tó tínínrín jù kò gbọdọ̀ sọnù sábẹ́ èyí tó nípọn jù. Ẹ tún bẹ ẹlòmíràn kó ta á kí ẹ dúró níwájú rẹ̀, torí iwájú ni ohùn gìtá ń lọ, ẹni tó gbé e dání kì í gbọ́ ọ tán.

Ẹ fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti frẹ́ẹ̀tì kejìlá (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá ni frẹ́ẹ̀tì, òkè lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n): bíi mìlímítà 2.5 lábẹ́ okùn tó nípọn jù, bíi 2 lábẹ́ èyí tó tínínrín jù. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, okùn á máa gbọ̀n mọ́ irin nígbà tí ẹ bá ń gbá a. Bó bá ga jù, ìka á dùn yín. Okùn tó ga kò yẹ kó lé yín sá, nítorí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ lè rẹ́ eegun ìsàlẹ̀ tí okùn gbé lé kó relẹ̀. Ọrùn tó lọ́ ni kí ẹ sá fún.

Okùn oníwọ̀n 12 (èyí tó tínínrín jù nínú rẹ̀ nípọn tó ìdá 12 nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì) ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀; bí ìka bá ń ro yín, 11 wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ dín fún gbígbá. Ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nu okùn lẹ́yìn títa kó má baà dípẹtà, kí ẹ má sì fi gìtá sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, nítorí ooru lè tú gúlù tó so afárá rẹ̀ (pákó tí okùn so mọ́ nísàlẹ̀) mọ́ ara.