Bí a ṣe ń wá oògùn nínú ẹrẹ̀ tútù ìsàlẹ̀ òkun

Lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde èròjà tuntun kan tí wọ́n sọ ní abyssomicin. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Verrucosispora ló ṣe é, inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ Òkun Japan ni wọ́n sì ti rí bakitéríà náà, níbi tó jìn tó mítà 289. Èròjà yìí kì í jẹ́ kí Staphylococcus aureus, bakitéríà kan tó ń fa egbò oníkẹ̀ẹ́, gbèrú, títí kan oríṣi èyí tí apá ọ̀pọ̀ oògùn ò ká mọ́. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ló wú mi lórí jù. Ńṣe ló ń dí bakitéríà lọ́wọ́ kó má lè ṣe fólétì, fítámínì kan, fún ara rẹ̀. Àwa èèyàn kì í dá fólétì ṣe, inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà la ti ń jẹ ẹ́, nítorí náà ibi tí èròjà yìí ń dì mú lára bakitéríà, kò sí lára wa rárá. Kò tíì di oògùn tí wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ ká mọ̀ pé ó yẹ ká máa wá ìsàlẹ̀ òkun dáadáa.

Bí wọ́n ṣe ń wá a ni mo fẹ́ ṣàlàyé, láti orí ọkọ̀ títí dé inú láàbù. Òtútù ni ilé àwọn bakitéríà yìí. Ibi tí òtútù bá ti já, ibẹ̀ niṣẹ́ ti bàjẹ́.

Ẹ wo epo pupa nígbà ọ̀yẹ́, ó máa ń dì nínú ìgò, bẹ́ẹ̀ òróró ẹ̀pà kì í dì. Bakitéríà tó ń gbé nínú ooru, ọ̀rá ara awọ rẹ̀ dà bí epo pupa: bó bá bọ́ sínú òtútù, á dì, nǹkan ò ní lè wọlé, kò sì ní lè jáde. Àwọn ará ìsàlẹ̀ òkun ní tiwọn ń fi ọ̀rá tó dà bí òróró kọ́lé. Ẹ́ńsáìmù wọn, ìyẹn àwọn èròjà tó ń mú kí iṣẹ́ inú ara yá, náà rọ̀, kó lè ṣiṣẹ́ nínú omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di yìnyín. Irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ lè bọ́ ìdọ̀tí kúrò lára aṣọ láìse omi. Nínú láàbù, wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí DNA, èròjà tó ń gbé àbùdá, wọ́n á sì fi ooru ìṣẹ́jú díẹ̀ pa á bó bá ti ṣe tán. Ṣùgbọ́n rírọ̀ yẹn náà ló ń pa wọ́n. Colwellia psychrerythraea 34H, tí wọ́n mú nínú ẹrẹ̀ òkun Arctic, ìwọ̀n 8 sẹ́ńtígíréètì ló tẹ́ ẹ lọ́rùn jù. Kò lè gbé nínú ooru yàrá tiwa. (Kò dìgbà tí a bá dé Arctic o. Òkun iwájú Èkó yìí náà, bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ kọjá ẹgbẹ̀rún mítà, omi ibẹ̀ kò ju bí ìwọ̀n 4 tàbí 5 lọ.)

Ìwé àṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Àdéhùn Nagoya, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2014, sọ pé orílẹ̀-èdè tó ni omi ní ìpín nínú èrè ohun tí a bá rí níbẹ̀. Ẹ má fojú kéré èyí. Ẹrẹ̀ tí a jí bù kò ṣeé fi ṣòwò lọ́la.

Bíbu ẹrẹ̀

Irin méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ń la ẹnu bí èékánná alákàn, á pa ẹnu dé bó bá kan ilẹ̀, á sì gbé ẹrẹ̀ bọ̀. Èkejì jẹ́ ọ̀pá oníhò tí wọ́n ń tì wọnú ilẹ̀ ní gbọọrọ. Ọ̀pá yìí ni mo fara mọ́, nítorí pé ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kì í dàrú: ẹ ó mọ èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀. Bó bá ti dórí ọkọ̀, ẹ fi ṣíbí tí ẹ ti fi iná pa kòkòrò ara rẹ̀ bu àárín ẹrẹ̀ náà. Ẹ má bu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kan irin. Ẹ rọ ọ́ sínú ike mímọ́, ó di inú kúlà oníyìnyín, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dì pátápátá o, ìwọ̀n 0 sí 4 ni kó wà.

Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Mo ti wà níbi tí wọ́n gbé kúlà kalẹ̀ sórí tábìlì ní ọjọ́ Ẹtì tí gbogbo èèyàn sì lọlé. Nígbà tí a ṣí i ní ọjọ́ Ajé, yìnyín ti domi, ẹrẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Nǹkan hù lórí àwo wa lóòótọ́, ó sì hù kíákíá, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbà láti dàgbà ní ìwọ̀n 4. Àwọn tí a tìtorí wọn lọ sókun ti kú sínú kúlà.

Nínú láàbù

Ẹ pín ẹrẹ̀ sí méjì. Ìlàjì kan wà fún àwọn tó ní irúgbìn líle tó lè fara da ọ̀dá, irú bíi Verrucosispora àti Streptomyces. Ẹ bu bíi gíráàmù 10, ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú lábẹ́ atẹ́gùn mímọ́, ẹ rọra lọ̀ ọ́. Ẹ wá fi fóòmù mímọ́ kékeré kan tẹ ìyẹ̀fun náà, kí ẹ sì máa lù ú lórí ágà (oúnjẹ bakitéríà tó dì bí ẹ̀kọ nínú àwo) lẹ́ẹ̀mẹjọ tàbí mẹ́sàn-án yípo àwo, bí ẹni ń lu òǹtẹ̀. Ojú ibi tí ẹ kọ́kọ́ lù á nípọn, ojú ìkẹyìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ibẹ̀ lẹ ó ti rí àwọn tó dá dúró.

Ìlàjì kejì kò gbọdọ̀ gbẹ, kò sì gbọdọ̀ rí ooru. Ẹ fi omi òkun mímọ́ tó tutù là á, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí ágà tó ti tutù bíi tirẹ̀.

Oúnjẹ wọn rèé: sítáàṣì gíráàmù 10, èròjà ìwúkàrà gíráàmù 4, péptóònù (purotéènì tí wọ́n ti fọ́ sí wẹ́wẹ́) gíráàmù 2, ìyẹ̀fun ágà tó ń mú un dì gíráàmù 18, lítà omi òkun 1. Ẹ sè é nínú ìkòkò oníprẹ́ṣà ní ìwọ̀n 121 fún ìṣẹ́jú 15, ẹ fi cycloheximide sí i bó bá ti ń lọ wọ́ọ́rọ́, kí èbu má baà bò ó. Ẹ tún ṣe oríṣi kejì tó jẹ́ omi òkun àti ágà nìkan. Ilé ebi ni ìsàlẹ̀ òkun, bí ẹ bá se àsè sílẹ̀, àwọn tó ń tètè dàgbà ni yóò jẹ ẹ́ tán.

Ó wá ku ìdúró. Ẹni tó ń rẹ ògì mọ̀ pé kì í tètè kan nígbà òtútù. Bẹ́ẹ̀ náà lèyí rí, àní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wé àwo náà kó má gbẹ, ẹ fi í sí ìwọ̀n 4 sí 10, ẹ sì fún un ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tó bá yọ lọ́sẹ̀ kẹjọ, tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, òun gan-an ni kí ẹ fojú sí. Lórí àwo onílílù, ẹ wá àwọn tó le bí èépá egbò, tó dì mọ́ ágà, tí àwọ̀ wọn jọ ọsàn tó pọ́n. Bí Streptomyces bá wà níbẹ̀, òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Ẹ ṣa ìkọ̀ọ̀kan sórí àwo tuntun títí yóò fi dá wà.

Àyẹ̀wò

Ẹ gé ágà tó ru bakitéríà náà, kékeré bíi bọ́tìnì, ẹ gbé e lé àwo tí ẹ ti tẹ́ Bacillus subtilis, bakitéríà kan tí kì í sábà ṣe èèyàn ní jàǹbá, sí. Lọ́jọ́ kejì, bí Bacillus bá hù bo gbogbo àwo àmọ́ tí àyíká bọ́tìnì náà mọ́ kedere, ohun kan ń jáde lára rẹ̀. Láàbù tó ní ìdáàbòbò nìkan ló lè fi Staphylococcus ṣe é. Fún ẹ́ńsáìmù, ẹ da ayodíìnì sórí àwo onísítáàṣì: gbogbo rẹ̀ á dúdú, àfi ibi tí bakitéríà ti jẹ sítáàṣì tán.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ di ti àwọn onímọ̀ kẹ́míkà. Wọ́n á ka apilẹ̀ 16S rẹ̀, tó gùn tó nǹkan bí 1,500 lẹ́tà, láti mọ ìdílé rẹ̀. Wọ́n á sì wọn èròjà náà láti mọ̀ bóyá ẹlòmíì ti rí i rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti rí i rí. Ó máa ń dunni, ṣùgbọ́n ó sàn ká tètè mọ̀.

Ẹ tọ́jú bakitéríà yòówù kó jẹ́ sínú gílísẹ́rọ́ọ̀lù ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ní ìwọ̀n òtútù 80 sísàlẹ̀ òdo, nínú fírísà méjì tí iná wọn kò pa pọ̀. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti bù ú, jíjìn omi, bí omi ṣe tutù tó àti ọjọ́ náà sára ìgò. Bó bá jẹ́ "ẹrẹ̀ òkun" nìkan lẹ kọ, ẹni tó bá fẹ́ tún un wá lọ́dún mẹ́wàá òní kò ní mọ ibi tó máa padà sí.